Ilé Búrẹ́dì tí Wọ́n Fi Sí Orúkọ Mi

Ọdún kejì lẹ́yìn òmìnira ni mo wọ ilé búrẹ́dì kan ní Àpápá, lẹ́yìn Creek Road. Àpò fùláwà ni mo kọ́kọ́ ń rù. Lẹ́yìn náà wọ́n fi mí sídìí ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun, láti ibẹ̀ mo dé ìdí ààrò, nígbà tó sì máa fi di ọdún kẹwàá, mo ti di fóòmáànù. Ajégúnlẹ̀ ni mò ń gbé, nínú ilé oníyàrá méjìlá tí ilẹ̀kùn wọn kọjú síra, èmi, ìyàwó mi àti àwọn ìbejì wa. Láàárọ̀ kùtù mo máa ń gba Boundary kọjá pẹ̀lú àwọn tó ń lọ sí wọ́ọ̀fù. Gbogbo wa á máa rìn láìsọ̀rọ̀, nítorí oorun kò tíì dá lójú ẹnikẹ́ni.

Òyìnbó kan láti ilẹ̀ Gíríìkì ló ni ilé búrẹ́dì náà. N kò lè pè é ní èèyàn burúkú. Ó máa ń pariwo, ṣùgbọ́n bí ìyàwó òṣìṣẹ́ bá bímọ, á fi búrẹ́dì mẹ́fà ránṣẹ́. Ó ti pẹ́ ní Èkó débi pé ó ń gbọ́ Yorùbá, ó sì ń sọ ọ́ ní tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa ń pè ní ẹ̀yin, ìbáà ṣe àgbà tàbí ọmọdé.

Ibì kan ṣoṣo ni gbogbo àwa tí à ń ṣe búrẹ́dì ládùúgbò náà ti ń ra fùláwà, ní ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń lọ àlìkámà létí omi. Iye tí wọ́n bá pè é la máa san. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní kò sí, a óò padà sílé. A ò rí i bí ohun tó burú nígbà náà, bí òjò ṣe ń rọ̀ tàbí tí kò rọ̀ la ṣe rí i.

Nígbà tí ìjọba ológun gbé òfin jáde pé kí àwọn àjèjì fi àwọn iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún ọmọ ilẹ̀ yìí, ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tó wà níwájú ilé wa ni mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò. Wọ́n ń ka àwọn iṣẹ́ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí wọ́n kan búrẹ́dì, télọ̀ gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá Ìbejì, iṣẹ́ yín nìyẹn."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. N kò ní purọ́, inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo rò pé àwa ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti ọkùnrin tó ń bójú tó ààrò jókòó lórí àpò fùláwà, a ń sọ ọ́. Ọmọ Ùróbò ni, ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi, ẹ̀yìn ọwọ́ ló fi máa ń wọn bí iná ṣe gbóná tó. A ní bí àwa mẹ́wàá bá dáwó jọ, tí báńkì sì yá wa ní ìyókù, òyìnbó lè tà á fún wa.

"We fit do am," ó ní. "No be we dey bake am since?"

Òótọ́ ni. Àwa la ti ń ṣe é látọjọ́ yìí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí ọ̀gá fi pè mí sí ọ́fíìsì, ó ní kí n ti ilẹ̀kùn.

"Ṣé o ti gbọ́ òfin tuntun?"

"Mo ti gbọ́, ọ̀gá."

"Wọ́n ní kí n tà á. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi kọ́ ibí yìí. Ta ni kí n tà á fún?"

Ọ̀rọ̀ ti dé orí ahọ́n mi, pé kó tà á fún wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá bí mo ṣe máa gbé e kalẹ̀ ni ó ní, "Orúkọ rẹ ni mo máa fi í sí. Orúkọ lásán ni. Iṣẹ́ ò ní yí padà."

Ó fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi lọ sọ́dọ̀ lọ́yà kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ìwé méjì ló wà lórí tábìlì lọ́yà. Àkọ́kọ́ sọ pé mo ti ra ilé búrẹ́dì náà, àti ẹ̀rọ àti ọkọ̀ tó ń kó búrẹ́dì káàkiri. Èkejì sọ pé òyìnbó ni mò ń bá tọ́jú rẹ̀, pé ohunkóhun tó bá ní kí n fọwọ́ sí, mo gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Lọ́yà ní, "Ìwé kejì yìí, kò gbọdọ̀ kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi. Òfin kò fẹ́ irú rẹ̀. Bó bá jáde, ẹ̀yin méjèèjì ni wọ́n máa kó."

Mo bi wọ́n pé, "Bí n kò bá fọwọ́ sí i ńkọ́?"

Ọ̀gá ń wo ojú fèrèsé. Kò yí ojú padà. "A jẹ́ pé mo máa tì í pa. Kí gbogbo yín máa lọ sílé."

Àwa mẹ́tàlélógún là ń jẹun níbẹ̀. Mo fọwọ́ sí i. Mo ti máa ń sọ fún àwọn èèyàn láti ìgbà náà pé nítorí àwọn mẹ́tàlélógún yẹn ni, ó sì jẹ́ òótọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún ṣèlérí àfikún owó oṣù fún mi, àwọn ìbejì sì fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ń ṣa ẹ̀wà. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Kò dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ wá ni ín báyìí?"

"Rárá."

"Ta ló ni ín?"

"Òun náà ni."

"Bó bá wá dojú rú, ta ló máa ni ín?"

Mo ní kó má sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ò sọ nǹkan kan, òun kàn béèrè ni.

Wọ́n kùn bọ́ọ̀dù iwájú ilé búrẹ́dì lọ́dà tuntun, wọ́n kọ orúkọ mi sí i gàdàgbà, wọ́n fi "àti Àwọn Ọmọ" kún un. Ọmọ ọdún mẹ́fà làwọn ìbejì. Ọ̀gá fún mi ní àga rẹ̀, òun jókòó sí orí àpótí ọtí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àlejò bá fẹ́ wá nìkan ni. Ní ọjọ́ yòókù mo wà nídìí iṣẹ́ fóòmáànù mi, òun sì wà lórí àga.

Ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kọ́kọ́ wá wò ó bóyá a ti tẹ̀ lé òfin, mo wọ súùtù tí mo fi gbéyàwó. Èyí tó dàgbà nínú wọn fi bírò tọ́ka sí òyìnbó.

"Kí ni iṣẹ́ ẹni yìí níbí?"

"Olùdámọ̀ràn mi ni," mo wí.

"Ẹ̀yin lẹ gbà á síṣẹ́?"

"Èmi ni."

Òyìnbó dìde, ó lọ po tíì, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e wá, ọ̀dọ̀ mi ló sì kọ́kọ́ gbé e sí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹríba. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mu tiwọn, wọ́n kí mi kú oríire, wọ́n bá tiwọn lọ. Nígbà tí ọkọ̀ wọn rìn, òyìnbó kó àwọn kọ́ọ̀pù náà jọ, ó ní kí n lọ wo ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pò, ó ti fẹ́ wú jù.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀dù yẹn ló ṣe mí ní ọṣẹ́ jù. Ajégúnlẹ̀ kò jìnnà sí Àpápá, ẹnikẹ́ni tó bá ń lọ sí wọ́ọ̀fù á kà á. Kí oṣù tó parí, onílé wa fi owó kún owó yàrá wa nìkan, ó ní òun mọ̀ pé kò lè wọ̀ mí lára. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi mí ṣe alága ìkórè. Mo bá pásítọ̀ sọ pé agbára mi kò gbé e. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ọlọ́rọ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti ìlú wá, pẹ̀lú àpò aṣọ, ó wá dúró dìgbà tí mo máa fún un ní iṣẹ́. Oṣù mẹ́rin ló lò lọ́dọ̀ wa, ó ń sùn sẹ́nu ọ̀nà yàrá, inú rẹ̀ kò sì dùn nígbà tó ń lọ. Títí tó fi kú ni ó ń sọ pé mo lówó tán mo gbàgbé òun.

Ọ̀rẹ́ mi ìdí ààrò kò bá mi jẹun mọ́. Bí mo bá gbé abọ́ mi wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á dìde pẹ̀lẹ́, á ní, "Oga, make I check fire." Kò pè mí ní ọ̀gá rí. Ó rò pé mo lọ fi ọgbọ́n gba ohun tí a jọ sọ láàárín ara wa, èmi náà kò sì lè ṣí ẹnu sọ fún un nítorí ìwé inú kọ́bọ́ọ̀dù lọ́yà. Nígbà tí ìjọba fi owó kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ káàkiri, tí gbogbo èèyàn ń béèrè tirẹ̀, òun ni àwọn òṣìṣẹ́ wa rán sí mi. Ó dúró níwájú mi, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Mo ní màá ronú sí i. Mo wọlé lọ bá òyìnbó, ó ní rárá. Mo jáde síta, mo sọ rárá náà bí ẹni pé tèmi ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni fùláwà wọ́n. Ìgbà tí sìmẹ́ǹtì kún orí òkun ni, tí ọkọ̀ ojú omi tò lọ bẹẹrẹ níwájú èbúté Àpápá tí wọn kò rí ibi já ẹrù sí. Ọkọ̀ tó kó àlìkámà wà láàárín wọn. Láti òkè ilé kan ní Wharf Road a máa ń rí wọn, wọ́n dúró gbagidi lórí omi. Fùláwà wá di ohun tí wọ́n ń pín. Ilé iṣẹ́ tó ń lọ àlìkámà ní àwọn ní lísìtì, kí gbogbo ilé búrẹ́dì lè rí tirẹ̀ láìsí ojúsàájú. Àwa tí à ń gba ọgọ́rùn-ún àpò tẹ́lẹ̀ ń gba ogún. Àwọn kan tí kò ní ààrò rárá wà lórí lísìtì náà, àwọn la sì wá ń lọ bá rà á lẹ́yìn ilé.

Ìjọba kan náà ló ti fi iye lé búrẹ́dì. Kò gbọdọ̀ wọ́n ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín. Kọntiróò, bí a ṣe ń pè é. Mo ro ó síwá sẹ́yìn, n kò rí bó ṣe lè ṣeé ṣe. Bí a bá ta búrẹ́dì ní iye ìjọba, pẹ̀lú fùláwà ẹ̀yìn ilé, a máa pàdánù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Òyìnbó ní, "Dín ìyẹ̀fun kù nínú agolo. Díẹ̀ báyìí."

Mo ní, "Ọ̀gá, àwọn ará kọntiróò ń gbé òṣùwọ̀n kiri."

"Díẹ̀ ni mo wí."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, tó ku ọjọ́ kan kí a tì í, mo dín in. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gé e. N kò jẹ́ kí ẹlòmíràn gé e.

Wọ́n dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn mẹ́ta pẹ̀lú ọlọ́pàá kan. Wọ́n gbé búrẹ́dì mẹ́wàá lórí òṣùwọ̀n, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá fò sókè, wọn kò wúwo tó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣáájú wọn béèrè ẹni tó ni ibẹ̀. Ojú gbogbo èèyàn yí sí mi. Òyìnbó dúró sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bi í léèrè pé, "Ìwọ ńkọ́?"

"Olùdámọ̀ràn," ó wí.

Wọ́n mú mi lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò látìmọ́lé kí lọ́yà tó dé. Ìyàwó mi gbé oúnjẹ wá lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kò sì bá mi wí. Ó sàn kó bá mi wí. Ṣáájú kí a tó wọ kóòtù, mo sọ fún lọ́yà pé mo fẹ́ sọ òótọ́ fún adájọ́. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Bí ẹ bá sọ òótọ́," ó ní, "ẹ̀sùn búrẹ́dì á di ẹ̀sùn kékeré. Àgádágodo ẹ̀wọ̀n ni ti ìwé kejì."

Mo ní mo jẹ̀bi. Wọ́n bu owó ìtanràn lé mi, òyìnbó san án kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú. Adájọ́ sọ pé ó bani nínú jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àjèjì fún wa, àwa ọmọ onílẹ̀ ló tún ń rẹ́ ara wa jẹ. Àwọn tó wà ní kóòtù mi orí sí i. Lára wọn ni àwọn ìyá tó ń ra búrẹ́dì lọ́dọ̀ wa lọ tà ní Ajégúnlẹ̀, tí mo mọ ọmọ wọn. Wọn ò wo ojú mi nígbà tí mo ń kọjá.

Ọ̀rẹ́ mi ìdí ààrò ni mo bá lójúde nígbà tí mo jáde. Òun nìkan ló wá nínú gbogbo òṣìṣẹ́. A jọ rìn padà sí Ajégúnlẹ̀, ní ojú ọ̀nà ni mo sì ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ìwé méjèèjì, lọ́yà àti kọ́bọ́ọ̀dù. Bí wọ́n bá fẹ́ kó mi, kí wọ́n kó mi.

Nígbà tí a dé Boundary, ó ní, "So you no get anything."

Mo ní n kò ní nǹkan kan. Ó fọwọ́ lé mi léjìká, ó ní òun ti ń fi ojú burúkú wò mí láti ọjọ́ yìí wá, kí n má bínú.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó rẹ òyìnbó. Ìyàwó rẹ̀ ti padà sílùú wọn, òun náà sì ń fẹ́ lọ. Ó sọ fún mi pé òun ń wá ẹni tí òun máa tà á fún ní tòótọ́. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ yẹn tún jí nínú wa. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi wọ aṣọ tó dára, a lọ sí báńkì kan tí ìjọba ti pàṣẹ fún pé kó máa yá ọmọ ilẹ̀ yìí lówó láti ra ilé iṣẹ́ lọ́wọ́ àjèjì. Obìnrin kan, tó wọ gíláàsì, ló dá wa lóhùn. Ó bọ̀wọ̀ fún wa, ó ní kí á jókòó. Ó wá ìwé lọ sínú yàrá kan, nígbà tó máa padà ó mú fáìlì dání.

"Ẹ má bínú, sà," ó ní. "Ilé búrẹ́dì wo lẹ sọ pé ẹ fẹ́ rà?"

Mo tún orúkọ rẹ̀ pè.

"Nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀yin lẹ ni ín láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Lọ́wọ́ ta lẹ ti fẹ́ rà á?"

Ọ̀rẹ́ mi ń wo ilẹ̀.

Obìnrin náà rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Wọ́n tún kọ ọ́ síbí pé kóòtù ti dá yín lẹ́bi lórí òfin kọntiróò. Ká tiẹ̀ ní ti àkọ́kọ́ kò sí, sà, ti èyí máa dí yín lọ́wọ́."

A dúpẹ́, a jáde. Ó tẹ̀ lé wa dé ẹnu ọ̀nà. Mo gbà pé ó mọ̀.

Gbajúmọ̀ kan tó ń gbé ní GRA ló rà á. Ó ti ra ilé ìfọṣọ kan, ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù méjì, àti ilé búrẹ́dì míràn nítòsí Ijora, gbogbo rẹ̀ lábẹ́ òfin kan náà tí mo gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé pé mo tà á fún un. Wọ́n ya fọ́tò wa níbi tí a ti ń bọwọ́. Owó náà kọjá níwájú mi nínú àpótí, ó wọ inú ọkọ̀ òyìnbó. Òyìnbó fún mi ní àpòòwé kan tí owó oṣù mẹ́ta wà nínú rẹ̀, ó dì mọ́ mi, omi sì wà lójú rẹ̀. N kò mọ ohun tí omi náà wà fún. Lọ́sẹ̀ kejì ó ti wọ bàlúù.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo lọ síbi iṣẹ́ bí mo ṣe máa ń lọ. Gbajúmọ̀ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀. Ó wò mí, ẹnu yà á díẹ̀.

"Ẹ ti tà á, àbí? Kí lẹ tún ń wá?"

Mo ní fóòmáànù ni mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ń ṣàwàdà.

Kò sun búrẹ́dì ju oṣù mẹ́fà lọ níbẹ̀. Ó tú ààrò, ó kó fùláwà tí wọ́n ń pín fún ilé búrẹ́dì méjèèjì síbẹ̀, ó ń tà á jáde ní àpò-àpò. Èrè wà níbẹ̀ ju búrẹ́dì lọ, kò sì sí òṣùwọ̀n tó ń wá wọ̀n ọ́n. Àwọn èèyàn wa tú ká. Ní Ajégúnlẹ̀, wọ́n gbà pé owó tabua ló wọ ọwọ́ mi, pé mo ti sin ín síbì kan. Onílé tún fowó kún owó yàrá, nígbà náà ni a kó lọ sí Amukoko, sí yàrá kan tó kéré ju ti tẹ́lẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ bọ́ọ̀dù kankan.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi fi amọ̀ mọ ààrò sí ẹ̀yìn ilé kan ní Badia, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Bí rélùwéè bá ń kọjá, eruku á bọ́ sínú ìyẹ̀fun bí a kò bá tètè bò ó. Àpò mẹ́ta lọ́sẹ̀ la máa ń sun, bí a bá rí i. Bí a kò bá rí i, a óò jókòó sábẹ́ páànù, òun á máa fi àfọ́kù ìgò fá irùngbọ̀n rẹ̀, èmi á máa sùn. Ìyàwó mi ní mo sùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láàárín ọdún wọ̀nyẹn. A kò fi orúkọ ẹnikẹ́ni sí ibẹ̀. Àwọn ará Badia kàn ń pè é ní ti ẹ̀gbẹ́ irin, wọ́n á ní kí ọmọ lọ ra búrẹ́dì wá ní ti ẹ̀gbẹ́ irin, ọmọ á sì wá.